Ohun Tó Ń Já Sẹ́ẹ̀lì Láyà

Àtìní, 28 oṣù kẹrin

Ẹ̀rọ dé láti Ìbàdàn láàárọ̀ yìí. Èmi àti Alhája Morufat la gbé e gun àtẹ̀gùn títí dé òkè pátápátá, nítorí a kò jẹ́ kí awakọ̀ tó gbé e wá fọwọ́ kàn án mọ́. Alhája ti ń tọ́jú lábù yìí láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí n tó rí aṣọ ìnu-nǹkan, wọ́n ti fi etí ìborí wọn nu eruku orí rẹ̀, wọ́n sì kí i káàbọ̀ sí Èkó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlálékan kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Wọ́n ní yíyá ni wọ́n yá wa, ó sì ń padà lọ ní Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà. "Ogún sẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ rí, Taslimah. Bí kò bá pé ogún, a ó wá iṣẹ́ míì fún ọ."

Iṣẹ́ míì yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Kí n máa wọn eku fún ọdún méjì sí i ni. Mo ti wọn eku tó láyé mi.

Àtàláátà, 29 oṣù kẹrin

Ìyá Àgbà bi mí nídìí ẹ̀kọ àárọ̀ pé kí ni ẹ̀rọ Ìbàdàn ń ṣe tí gbogbo agboolé kò fi gbádùn. Mo ní ẹran kékeré kan wà tó jókòó sórí kíndìnrín, èèyàn ní in, àgbò ní in, màlúù náà ní in. Nígbà tí ọ̀kadà bá fẹ́ kọ lu èèyàn, tí àyà bá já, ibẹ̀ ni ohun tó ń já a ti ń wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, àpò tíntìntín ló kún inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bámúbámú. Bí nǹkan bá dẹ́rù ba sẹ́ẹ̀lì, yóò máa ṣí àwọn àpò náà, yóò máa da ohun inú wọn síta. Abẹ́rẹ́ mi á jókòó ti sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, á sì máa gbọ́ bí àpò ṣe ń ṣí níkọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ń da oògùn lé e lórí, kí n lè mọ èyí tó ń já a láyà jù, àti bó ṣe pọ̀ tó.

Ìyá Àgbà jẹ obì wọn díẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Ohun tí kò lójú lo wá ń dẹ́rù bà. Kí ló ṣe ọ́?"

Jímọ̀, 2 oṣù karùn-ún

Mo ti rí alápatà. Àrẹ̀mú ni orúkọ rẹ̀, ará Ọ̀yọ́, Obalende ló ń tà sí. Òun náà ló máa ń wá pa ẹran iléyá ní agboolé wa lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n n kò tíì bá a sọ̀rọ̀ kọjá ẹ kú iṣẹ́ rí. Mo ya àwòrán kíndìnrín àti ẹran kékeré orí rẹ̀ fún un sórí ìwé. Kò wò ó tán tó fi fi ọ̀bẹ tọ́ka sí i lára màlúù tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní àwọn kì í pè é ní nǹkan kan, ajá ni wọ́n ń jù ú sí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní láti òní lọ òun á máa pè é ní fìlà kíndìnrín. Orúkọ náà wù mí ju ti inú ìwé lọ.

Àlàrùba, 7 oṣù karùn-ún

Ó fọhùn. Sẹ́ẹ̀lì fọhùn.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo fẹ́ omi káun sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ìlà tó ti ń lọ gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣóńṣó, ọ̀kan, òmíràn, lẹ́yìn náà wọ́n ya jáde pọ̀. Ṣóńṣó kan, àpò kan. Mo pe Alhája, mo kàn ń tọ́ka. Alhamdulillah.

Pọtásíọ̀mù ni omi káun mi. Láti ilé ìwé gíga ni wọ́n ti kọ́ wa pé pọ́táàṣì ni káun ń jẹ́ lédè òyìnbó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ láti dá ara mi lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ike tí ìyẹ̀fun rẹ̀ wà nínú rẹ̀ fọ́, mo dà á sínú agolo mílíìkì kan, mo fi máákà kọ KÁUN gàdàgbà sí i lára, mo kọ OMI KÁUN sára ìgò. Gbogbo wa là ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí, títí kan Ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi dán sẹ́ẹ̀lì wò. Èyí tó bá dá a lóhùn wà láàyè, mo lè wá fún un ní èròjà inú tábà tó jẹ́ iṣẹ́ gan-an. Èyí tí kò bá dáhùn ti kú, mo máa dà á nù.

Àtìní, 12 oṣù karùn-ún

Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún ìbá dára jù lọ, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ mi sì gbọ́ ọ ju sẹ́ẹ̀lì lọ. Alhája sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ àwọn aránṣọ ibẹ̀. Wọ́n ní kí Dókítà máa fi ọwọ́ juwọ́ láti ojú fèrèsé nígbàkigbà tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, àwọn á pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aránṣọ Èkó ló sọ bẹ́ẹ̀ o, nígbà tí iléyá ń sún mọ́lé.

Jímọ̀, 16 oṣù karùn-ún

Mẹ́fà ti pé. Lọ́la la máa gbé Ìyá Àgbà lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú, èmi ni màá dúró tì wọ́n. Mo fa kọ́kọ́rọ́ lé Alhája lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n máa bá mi wo yìnyín, kí omi ìgò kankan má sì tán. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu.

Àlàmíìsì, 22 oṣù karùn-ún

Ojú Ìyá Àgbà dára. Nígbà tí wọ́n tú bándéèjì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni ojú mi, wọ́n ní mo ti rù.

Mo padà sí lábù lónìí. Lábù mọ́ tónítóní, ìgò gbogbo kún dé ọrùn. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ ni mo dán wò, ìkankan kò fọhùn.

Àtìní, 26 oṣù karùn-ún

Kò sí nǹkan kan. Lábẹ́ maikirosikóòpù, wọ́n rí roboto, wọ́n ń dán, ẹni tó bá rí wọn á ní ara wọn le. Mo fẹ́ omi káun, wọ́n dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n wú, wọ́n sì bẹ́. Abọ́ mẹ́ta ni mo dà nù. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé ihò ẹnu gíláàsì tín-ín-rín tí mo fi ń fẹ́ omi sí wọn ń dí ṣáá. Nǹkan funfun kan ló ń dí i. Mo rí irú rẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, mo rò pé eruku ni.

Òjò ọ̀sán. Omi dé kókósẹ̀ mi ní Ìdúmọ̀tà.

Àtàláátà, 27 oṣù karùn-ún

Mo ṣe ohun tí kò dára lónìí. Mo dé Obalende pẹ̀lú kúlà mi, mo bá Àrẹ̀mú láàárín àwọn oníbàárà bíi mẹ́fà, mo sì sọ fún un lójú wọn pé òkú nǹkan ló ń kó fún mi, pé ẹran àná ló ń tà. N kò pariwo. Ìbá tiẹ̀ sàn bí mo bá pariwo. Obìnrin kan tó ti mú ẹran lọ́wọ́ dá a padà sórí tábìlì.

Kò bá mi jà. Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ apá kan, ó nù ún mọ́ èkejì. Ó ní, "Ẹ lọ máa rà á níbòmíràn, Dókítà."

Láádì, 1 oṣù kẹfà

Mo ti ra lọ́wọ́ alápatà méjì mìíràn láti ọjọ́ náà. Òfo ni. Mẹ́fà ṣì ni mẹ́fà, ọjọ́ méjìlá ló kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọjú sí lábù lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n wo ìlà gbọọrọ ojú kọ̀ǹpútà títí, wọ́n wá bi mí bóyá mo ṣì mọ ibi tí wọ́n ń kó àgò eku sí. Ẹ̀rín ló wà lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fi ṣeré.

Mo sunkún díẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Àtàláátà, 3 oṣù kẹfà

Màá kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí lọ́jọ́ iwájú n kò ní gbà pé ó ṣẹlẹ̀.

Mo ń palẹ̀ mọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin láti lọ sílé. Alhája fún mi ní ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n dì dáadáa. Wọ́n ní kí n mú un lọ fún Ìyá Àgbà kí wọ́n fi se ẹ̀wà, pé ó ṣẹ́kù lára ti lábù ni, pé irú rẹ̀ tó mọ́ báyìí kò wọ́pọ̀ mọ́.

Mo tú ọ̀rá náà. Káun ni. Káun gidi.

Mo jókòó. Mo rọra bi wọ́n pé ti lábù wo. Wọ́n ní ọjọ́ kejì tí mo gbé Ìyá Àgbà lọ síbi ojú ni wọ́n rí i pé agolo KÁUN ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, mo sì ti ní kí nǹkan kan má tán. Wọ́n bá lọ sí ọjà Jankara fúnra wọn. Wọn kò gba èyí tó dúdú tí ìyá alátẹ náà kọ́kọ́ gbé fún wọn, funfun ni wọ́n ṣà. Wọ́n gún un nínú odó tí wọn kò tíì lò rí, wọ́n jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. "Ṣé kò dáa tó ni, Taslimah?"

Mo ki bébà tó ń pàwọ̀ dà bọ inú ìgò OMI KÁUN. Ó di búlúù kí n tó yọ ọ́. Omi tó bá le bí omi eérú báyìí, sẹ́ẹ̀lì wo ló máa fọhùn nínú rẹ̀? Káun òkúta kì í ṣe pọtásíọ̀mù rárá, ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé gíga, bó ṣe rí lẹ́nu nìkan ni. Nǹkan funfun ìsàlẹ̀ ìgò, òun ni káun àti kálísíọ̀mù inú omi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n para pọ̀ di efun.

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí mo dà nù láti ọjọ́ kejìlélógún wà láàyè. Èmi ni mo ń pa wọ́n, tí mo wá ń bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi dáhùn. Kò sì sí ohun tó ṣe ẹran Àrẹ̀mú.

Alhája ti lóye kí n tó sọ ọ́. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ KÁUN sára agolo, kì í ṣe àwọn, pé bí mo bá kọ IYỌ̀ síbẹ̀ ni, iyọ̀ ni wọn ìbá rà. Wọ́n ń mi orí, ṣùgbọ́n n kò rò pé wọ́n gbọ́.

Àlàrùba, 4 oṣù kẹfà

Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí Alhája fi wọlé pẹ̀lú ike pọtásíọ̀mù kan. Ọmọ wọn tó jẹ́ olùkọ́ kẹ́mísírì ní ilé ìwé girama kan ló bá wọn tọrọ rẹ̀. Wọ́n ní kí n ka orúkọ ara rẹ̀ jáde, mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí Obalende. Mo dúró títí oníbàárà fi pọ̀ níwájú Àrẹ̀mú, nítorí bí mo ṣe bà á jẹ́ ló yẹ kí n ṣe tún un ṣe. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀. Mo ní, "Bọ̀dá Àrẹ̀mú, ẹran yín dára. Èmi ni mo ṣi omi dà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo yíjú sí àwọn tó ń ra ẹran, mo tún un sọ fún wọn.

Ó ní kí n dìde. Ó bi mí pé omi wo. Mo sọ gbogbo ìtàn náà, láti agolo mílíìkì títí dé Jankara. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi káun se màlúù bí ẹ̀wà, Dókítà." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá le díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ sí, oníbàárà méjì ni kò padà wá títí di òní. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń jẹ́. Ó dárúkọ wọn. Ìdúmàgbò ni ọ̀kan ń gbé, kò jìnnà sí wa. Màá lọ bá àwọn méjèèjì.

Ó ní ọjọ́ ọdún òun á yọ fìlà fún mi kí òun tó yọ ohunkóhun, kí n ṣáà ní kúlà lọ́wọ́.

Àlàmíìsì, 5 oṣù kẹfà

Mo gba ààwẹ̀ Árafà. Mo rí ìyá Ìdúmàgbò, wọ́n ti gbà láti padà sọ́dọ̀ Àrẹ̀mú. Èkejì kò sí nílé. Mo po gbogbo omi tuntun, mo kọ orúkọ gidi sára ìgò.

Jímọ̀, 6 oṣù kẹfà. Iléyá

Àgbò mẹ́rin ní agboolé wa lọ́dún yìí, ó dín sí ti ọdún tó kọjá, gbogbo ayé mọ̀ bí àgbò ṣe gbówó lórí. Àgbò mẹ́rin, fìlà mẹ́jọ.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìṣòro. Bàbá Haleem, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní ẹran ọdún ni, pé ṣé ó tọ́ kí wọ́n gbé apá kan rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ òyìnbó ní lábù kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́. Wọ́n bi Àfáà. Àfáà ní ohun tí kò tọ́ ni kí a tà á, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi tọrẹ fún ọmọ ilé tó ń wá ìmọ̀, kò burú. Bàbá Haleem ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n má fi kíndìnrín tẹ̀lé e.

Àrẹ̀mú mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé fìlà ṣì ń gbóná nígbà tí mo gbé e sínú yìnyín. Mo sáré, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sí lábù, gbogbo ìgboro ń rùn fún ẹran tí wọ́n ń sun. Alhája ti dé síbẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n wọ léèsì ọdún, wọ́n gbé aṣọ lábù wọ̀ lé e lórí, wọ́n ti tan gbogbo iná. N kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá. Mo sọ fún wọn pé ọjọ́ ọdún ni, wọ́n ní àwọn mọ̀.

A gé e, a rẹ ẹ́, a jọ̀ ọ́, títí di ìrọ̀lẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ abọ́ pọ̀, wọ́n sì mọ́.

Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹfà

Mẹ́ta lónìí. Gbogbo àwọn tí mo dán wò ló fọhùn. Inú mi dùn débi pé mo juwọ́ sí ilé àwọn aránṣọ, mo gbàgbé pé ọdún ni, kò sí ẹnì kan níbẹ̀.

Àtìní, 9 oṣù kẹfà

Mẹ́tàlá.

Èròjà tábà yàtọ̀ sí pọtásíọ̀mù. Bí pọtásíọ̀mù bá dé, gbogbo àpò ló ń fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tábà máa ń já a láyà dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣóńṣó á yọ bíi mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà á dákẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni tábà ṣì wà níbẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà, wọ́n ní bí àwọn ṣe ṣe pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa náà nìyẹn.

Àlàrùba, 11 oṣù kẹfà

Méjìdínlógún. Mo rí ohun kan tí n kò wá. Bí mo bá fẹ́ pọtásíọ̀mù sí sẹ́ẹ̀lì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, iye àpò tó ń ṣí kò dín tó bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kúrú. Àpò ṣí o, kò tú gbogbo ẹrù rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń ṣọ́ ohun tó kù lò. Mo wò ó lára sẹ́ẹ̀lì márùn-ún kí n tó gbà á gbọ́. Mo fi ìwé ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èsì wọn kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Tún ṣe."

Àlàmíìsì, 12 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. NEPA mú iná lọ ní aago mẹ́wàá, bátìrì ló gbé wa. Mọ́kàndínlógún pé ní ọ̀sán. Lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ kán, mo pààrọ̀ rẹ̀, èkejì náà kán. Ọ̀kan ló kù, bátìrì sì ti ń pupa. Fìlà kíndìnrín tèmi náà ti ń ṣiṣẹ́.

Mo gbé abẹ́rẹ́ jókòó ti sẹ́ẹ̀lì kan. Mo sọ fún Alhája pé kí wọ́n wá bá mi tẹ bọ́tìnì tó ń fẹ́ omi, kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì mú abẹ́rẹ́. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní àwọn kò tún fọwọ́ kan omi yẹn mọ́ láyé àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ka ara ìgò náà sókè, léńtà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ìlà lọ gbọọrọ. Ó ṣì ń lọ gbọọrọ. Ṣóńṣó kan yọ. Lẹ́yìn náà n kò lè kà wọ́n mọ́.

Alhája jókòó lórí àga Ọ̀jọ̀gbọ́n, ibi tí wọn kì í jókòó sí. Wọ́n ní, "Ó gbọ́ mi." Wọ́n wá ní, "Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì lè jẹ ẹ̀wà." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n náà rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú àwa méjèèjì, èmi ni mo sì pẹ́ kí n tó dákẹ́.

Jímọ̀, 13 oṣù kẹfà

Ẹ̀rọ ti lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka gbogbo ìlà ogún náà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pẹ́ lórí àwọn tó kúrú. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àgò eku wà níbi tó wà.

Mo tẹ ìlà sẹ́ẹ̀lì tó pé ogún jáde sórí ìwé fún Ìyá Àgbà. Wọ́n fi ojú tuntun wọn tọ ṣóńṣó lọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka kà á. Ní mọ́kànlélógójì, wọ́n ní ó tó, ẹ̀rù ti bà á tó, kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Mo gbé ọ̀rá káun Jankara fún wọn. Wọ́n fi ìka kan tọ́ ọ wò, wọ́n ní ẹni tó ra èyí mọ káun. Wọ́n gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tó jinná, mo bu ti Alhája sínú kúlà tí mo fi ń gbé fìlà kíndìnrín, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbé e lọ sílé wọn. Wọ́n ṣí i, wọ́n wo ojú mi.

Àwo méjì ni wọ́n jẹ.